Sójà Tó Padà Délé Nínú Fíìmù

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ara mi le, mo sì ti ríṣẹ́: wọ́n fi mí ṣe sójà nínú fíìmù, ní Jámánì níbí. Ó dá lórí ìgbà tí Faransé ń ṣàkóso ibí lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́.

Nínú fíìmù, òdòdó làwọn ará ìlú fi pàdé wa. Mo sọ fún ọ̀gá tó ń darí fíìmù pé bàbá àgbà yín, Gbádégẹṣin, tí Faransé kó wá síbí ṣe sójà nígbà náà, ránṣẹ́ sílé pé òkò ni wọ́n ń sọ lu àwọn. Ọ̀gá ní òdòdó dùn ún wò jù.

Ó wá ní kí sójà náà padà délé bá ìyá rẹ̀. Bí mo ṣe rí ìyá náà, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n dì mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo dì mọ́ ọn, mo sunkún. Wọ́n yìn mí.

Bàbá àgbà ò padà sí Pira. Irun tí wọ́n gé lórí rẹ̀ kó tó lọ ni wọ́n sin dípò òkú rẹ̀.

Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, ṣùgbọ́n ẹ má rò ó. Ẹ bá mi kí Lydie àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Irun tí ẹ gé lórí mi láàárọ̀ tí mò ń lọ, ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Èmi ọmọ yín,
Gédéon