Agbọ́tí Ilé Wa

Ìwàrà

Phebe ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú ilé. Mo gbàdúrà kí àlàáfíà máa bá yín gbé ní Òkè-Fìà, kí Ọlọ́run dá ìwọ àti ọkọ rẹ sí. Òjò ń rọ̀, kòkó ń so, ìyá rẹ ń kí ọ. Àmọ́ láti ọjọ́ tí o ti wá mú Ìmísí ọmọ rẹ lọ, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi dáadáa.

Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, ọmọ tó kéré jù ló ń gbé ọtí fún àgbà, agbọ́tí á sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọkàn àwọn tó fẹ́ mu ún lè balẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, Ìmísí ló kéré jù, mo bu ọmọrí ìgò kan fún un. Mo yẹ ara ìgò wò dáadáa o. Wọ́n kọ méjìdínlógún síbẹ̀ pẹ̀lú àmì àròpọ̀, mo ní ènìyàn méjìdínlógún sókè ni wọ́n ní kó pín in mu, mo ka ara wa, a pé ogún. N kò mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á padà lọ bá ìyókù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, mo ní kó kọ agbọ́tí. Ó wò mí títí. Mo rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni, mo bá tún un pè fún un.

O bi mí lọ́jọ́ tí o wá mú un lọ bóyá mo rántí pé Micah àbúrò rẹ náà ti ṣe agbọ́tí rí. Inú bí mi, torí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ọ̀rẹ́ tó bá pàdé ní Ọjà Ọba ló sọ ọ́ di ọ̀mùtí, pé ọmọ tó bá ti tọ́ ọtí wò nílé kì í wá a lóde. Ohun tí bàbá mi sọ fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo jókòó rò ó. Micah ò tíì pé ọdún méje nígbà tí mo kọ́kọ́ bu ún fún un. Ó sunkún, ó ní ó ta òun lẹ́nu. A fi í rẹ́rìn-ín, mo ní kó gbé e mì bí ọkùnrin. Ó dùn mí, Phebe, ó dùn mí gan-an.

Ní ìpàdé tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo gbé ọtí kiri, pẹ̀lú orúnkún mi yìí. Àwọn kan kùn, mo ní kí wọ́n máa kùn.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀, owó ọkọ̀ ẹnì kan ni láti Òṣogbo dé ọ̀dọ̀ wa. Má fi ránṣẹ́ sí mi. Wá Micah lọ láàárọ̀, kó tó mu nǹkan kan, kí o sì bá a sanwó ọkọ̀. Tó bá ní òun ò wá, pé mo ti bú òun tó, sọ fún un pé n kò pè é wá gba ìbáwí. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣi ọmọ rẹ tọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúrósinmí Ajíbádé