Ìdánwò Ọpọlọ Màámi

Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Mo kàn rọ́jú jí ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gé ọpọlọ eku wẹ́wẹ́ níbi iṣẹ́ ìwádìí wa, mo ń wò ó bóyá oògùn wa ń jókòó sórí risẹ́pítọ̀ — ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń gba iṣẹ́ tí àwọn yòókù bá rán sí i. "Etí" ni mo ń pè é níbí. Àrùn ìgbàgbé máa ń di etí yìí díẹ̀díẹ̀. A fẹ́ jí èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 6
Màámi wà lára àwọn tí ilé ìwòsàn ń fi oògùn náà dán wò. Àwọn kan ń gba ojúlówó, àwọn kan ń gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Dókítà gan-an ò mọ ẹni tó ń gba èwo. Lánàá, Màámi gbé ìkòkò òfìfo kaná, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ó rẹ̀ mí.

Ìṣẹ́gun, 12
Ọjọ́ ìdánwò. Dókítà ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún Màámi, ó bá wọn tàkúrọ̀sọ díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n dá a padà. Nígbà tó kọjá, ẹyọ kan ni wọ́n rántí. Lónìí — bàtà, òjò, àga, kọ́kọ́rọ́, aṣọ. Bí ẹní mumi! Mo bọ́ síta, mo sunkún ayọ̀. Etí ń jí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi, nínú orí ìyá mi.

Ẹtì, 15
Mo ròyìn fún Ọ̀gá Onígò, ọ̀gá wa tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó ní ti ẹnì kan ò tíì tó nǹkan. Ọkùnrin yìí ò mọ inú dídùn. Inú tèmi ṣáà ń dùn.

Àbámẹ́ta, 16
Mo yọ sílé Bàámi àti Màámi láìsọ tẹ́lẹ̀. Ohùn Bàámi ni mo kọ́kọ́ gbọ́: "Tún un kà. Bàtà, òjò..." Màámi ń tẹ̀ lé wọn bí ọmọ jẹ́léósinmi.

Bàámi ní àràárọ̀ làwọn ń ṣe é, káwọn tó jẹun. Ìdánwò kan ṣoṣo ló wà ní èdè wa, ọ̀rọ̀ márùn-ún kan náà ni dókítà máa ń kà fún wọn. Bàámi ti há a sórí látọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo ní wọ́n ti ba iṣẹ́ wa jẹ́. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa, ilé ìwòsàn á já a sílẹ̀. Ṣé kí n wá máa wò ó níran ni?"

Àìkú, 17
Mi ò sùn. Bí mo bá sọ fún dókítà, ó di dandan kó yọ Màámi kúrò. Bí mi ò bá sọ, irọ́ la ń pa fún gbogbo ẹni tó ń retí oògùn yìí.

Mo padà sílé wọn, Bàámi sì jáde. Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá oògùn náà tiẹ̀ ṣe nǹkan kan. Mo jókòó ti Màámi, mo bi wọ́n pé, "Màámi, ta ni mí?"

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà tí Bàámi gbà jáde.

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ọkọ mi ò tíì kọ́ mi níyẹn."