Àwo Tí Mo Yàn fún Oníbọ̀wọ́

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹfà, 1957

Mo ti di Ìyáàfin Gaines! Láti àná. Ìyáàfin Lucius Gaines. Mo ti kọ ọ́ sí etí ìwé ìròyìn, mo ti fi ìka kọ ọ́ sára dígí ilé ìwẹ̀ tí ooru omi gbígbóná bò. Ọkọ mi ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè wọ ilé ìdáná wa. Gíga ni màá máa pè é nínú ìwé yìí, kò sì gbọdọ̀ mọ̀.

Yàrá méjì, lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, lẹ́bàá òpópónà Hastings, ní Dìtírọ́ìtì. Verlene ẹ̀gbọ́n mi sunkún lánàá títí páúdà ojú ẹ̀ fi ya ilà. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí.

Ohun tí Gíga kó wá sílé: ṣòkòtò mẹ́ta, bàtà kan tó dára, àti àwo orin jáàsì nínú páálí lórí páálí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Níbi tí wọ́n ti ń ta àwo ló ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Teasley. Mo ní kó fi ọ̀kan sí i fún mi. Ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́. “Ìyàwó, o ò ní gbádùn ìyẹn. Jẹ́ n wá èyí tó rọrùn.” Ó fi orin ijó sí i. A jó láìwọ bàtà títí onígbàjámọ̀ fi fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà ẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò ro ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Mo dín ẹyin, ó jóná. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kò sẹ́yin tó dùn tó o ní gbogbo Dìtírọ́ìtì. Mo fẹ́ràn onírọ́ yìí!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un: ẹja díndín, búrẹ́dì àgbàdo. Ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn ọkùnrin ń jiyàn lórí ta ló yára jù lórí fèrè, wọ́n ń lu káńtà, Ọ̀gbẹ́ni Bascom tó ń wakọ̀ èrò ń sọ pé ẹni tí kò bá gba tòun kó lọ fọ etí ẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ọkọ mi. Tèmi.

Obìnrin kan bá wọlé. Ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ àlùkò, gígùn, ó dé ìgbọ̀nwọ́. Nínú ooru yìí! Á tó ẹni ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ìdúró ẹ̀ — èèyàn á rò pé wọ́n ń yàwòrán ẹ̀. Gíga fò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa àwo jáde lábẹ́ káńtà. Ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un! Àwọn tó ń ta àwo kì í tọ́jú nǹkan pa mọ́ sábẹ́ káńtà fún ẹni tí kò já mọ́ nǹkan. Ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ́tí. Ó ní, “Ẹ má wo orúkọ tó wà níwájú páálí, mà. Ẹ yí i padà. Ẹ ka àwọn tó bá ọ̀gá ṣeré, kí ẹ mú ẹni tó wù yín nínú wọn, kí ẹ wá máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti àwo kan dé òmíràn. Bí ilé ṣe ń kún nìyẹn.”

Obìnrin náà ní ẹni tó ń ta béèsì, gòjé ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, ló wu òun. Gíga sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Èmi rò pé èmi nìkan ló ń rín in fún.

Ó tún kù. Yàrá kékeré onígíláàsì wà níbẹ̀, tí oníbàárà ti ń gbọ́ àwo kó tó rà á. Òfin Bàbá Teasley ni pé ẹni tó ń tajà ò gbọdọ̀ bá oníbàárà wọ ibẹ̀. Gíga wọ ibẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀. Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ẹ̀yìn fífẹ̀ yẹn, mi ò rí ju etí ìbọ̀wọ́ kan lọ.

Ẹja tutù.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní, “Ìyàwó mi rèé o.” Oníbọ̀wọ́ wò mí láti òkè délẹ̀. “Áà! Ọmọ yìí mà kéré o, Lucius.”

Kéré! Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún! Àti pé — Lucius?

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹfà

Mo bi í. Ta ni obìnrin yẹn? Ó ní oníbàárà ni. Mo ní kí lorúkọ ẹ̀. Ó ní obìnrin náà bẹ òun pé kóun má sọ, òun sì ti ṣèlérí. Mo ní, “Fún ìyàwó ẹ?” Ó ní, “Fún ẹnikẹ́ni, adùn mi.” Ó fi ẹnu kò mí níwájú orí. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbà pé ìdáhùn nìyẹn. Òun náà mọ̀ pé màá gbà. Ẹ wo ìyà!

Mo pe Verlene lórí fóònù. Ó ní, “Obìnrin tí ò lórúkọ? Ọmọ ìyá mi, kí lo ṣì jókòó fún?” Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Ó ti lọ síbi iṣẹ́. Mo kó àwọn àwo ẹ̀ jáde, mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn. Mo yí páálí padà bó ṣe ní kí Oníbọ̀wọ́ máa yí i. Mo ń ka orúkọ àwọn tó ń ta béèsì. Mo fi abẹ́rẹ́ lé e.

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Mo tún fi sí i. Béèsì yẹn dà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ wálé, tí kò kánjú, tó mọ̀ pé wọ́n ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ de òun. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ nìkan ṣá.

Mo dá gbogbo ẹ̀ padà sípò. Ó dé, ó ní kí ni mo ṣe lónìí. Mo ní mo fọ kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì wà níbẹ̀, ó dọ̀tí, ó ń wò wá. Gíga ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Mo mú ìnujú ẹ̀ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbàgbé ìnujú kankan; èmi ni mo yọ ọ́ lápò ẹ̀ láàárọ̀.

Oníbọ̀wọ́ wà níbẹ̀. Mo dúró nídìí àwọn àwo orin ìjọ, mo ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan. Gíga ti kọ́ ọ púpọ̀! Ó fi dùùrù jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún un, ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbálẹ̀ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ gbá ojú ìlù. Lẹ́yìn ìyẹn, fèrè sasofóònù tó ń fà tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Lónìí ó ní, “Ó yá, mà. Ẹ jẹ́ ká gun òkè díẹ̀ sí i.” Oníbọ̀wọ́ ní, “Bí mo bá ṣubú ńkọ́?” Gíga ní, “Ẹ ò ní ṣubú. Mo ti ń wo bí ẹ ṣe ń gbọ́.”

Ó ti ń wo bó ṣe ń gbọ́.

Bí a ṣe ń lọ sílé mo bi í pé kí ló dé tí kò yan àwo fún èmi náà. Ó fi apá gbá mi mọ́ra. “Ìwọ? Jáàsì kì í ṣe ohun tá à ń fi tipátipá bọ́ni, Ìyàwó. Orin ijó ló bá ẹ lára mu. Bó o ṣe wà yìí gan-an ló dùn mọ́ mi.”

Inú ẹ̀ dùn nígbà tó sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Àyà mi ń gbóná bí ẹni gbé ìkòkò ọbẹ̀ mì.

Jẹ́ n kọ òtítọ́ síbí, torí ẹlòmíràn ò ní kà á: mi ò rò pé ó ń yan obìnrin yẹn lálè. Ohun tó ń jẹ mí nínú ni pé ibi tó dára jù lọ nínú orí ọkọ mi, ibẹ̀ ló ń mú obìnrin yẹn rìn káàkiri, ó ń di ọwọ́ oníbọ̀wọ́ yẹn mú, ó ń fi hàn án, ó ní ẹ rọra, ẹ wo ibí. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń fún mi lóhun tó rọrùn jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà

Ó mú mi lọ wo odò. Áísìkiriìmù. Ó gbé mi kọ́rùn níwájú àwọn èèyàn! Inú mi dùn, dùn, dùn. Mo ṣì ń jowú.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá Teasley, kò lè dúró. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Gíga máa wakọ̀ lọ gbé ọjà tuntun wá. Ó ní ṣé mo lè bá òun dúró nídìí káńtà.

Mo lè dúró. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Mo ti ṣe é. Jẹ́ n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Gíga jáde. Oníbọ̀wọ́ wọlé. “Ọkọ ẹ dà, ọmọ mi?” Mo ní ó jáde, mà, ó ní kí n fún yín ní èyí. Irọ́ pátápátá. Èyí tí mo nawọ́ mú ni àwo kan tó ti Níú Yọ́ọ̀kì dé láìpẹ́, sasofóònù méjì tí wọ́n ń bú ara wọn bí àwọn aládùúgbò tó ń jà lórí okùn ìsáṣọ. Bí wọ́n bá fi sí i, àwọn tó wà nídìí káńtà gan-an á ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo fẹ́ kí orí fọ́ ọ. Mo fẹ́ kó rò pé Gíga ò mọ nǹkan kan, kó má padà wá mọ́ láéláé.

Ó wọ yàrá onígíláàsì. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bascom ní, “Ìyàwó Gaines, ṣé o fẹ́ pa oníbàárà ni?” Mo ní ó tọ́ sí i. Ó ní, “Háà! Lucius ò mọ ohun tó fẹ́ sílé!”

A retí kó jáde. Kò jáde. Ojú kìíní àwo náà tán, ó yí i padà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì. Ọwọ́ tí mi ò rí rí — ìka gígùn, èékánná gígé kúkúrú bíi ti ọkùnrin. Ìka yẹn ń rìn lórí orúnkún ẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Omi wà lójú ẹ̀ nígbà tó jáde. Ó ní, “Lábẹ́ gbogbo ìjà yẹn, béèsì ń rìn lọ ní tiẹ̀. Wọn ò rí i gbé ṣubú. Lucius kọ́ ló yan èyí.” Ó ń wò mí tààrà. “Lucius máa ń fún mi ní èyí tó bá mọ̀ pé mo lè gbé. Ìwọ fún mi ní èyí tí mi ò lè gbé.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó wá fà mí sí kọ̀rọ̀, ó sọ orúkọ ẹ̀ fún mi fúnra ẹ̀. Delphine Pettway. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà ní òpópónà St. Aubin! Bí àwọn díákónì bá gbọ́ pé ó ń ra orin ilé ọtí, wọ́n á fa àga dùùrù yọ nídìí ẹ̀. Ọjọ́ tí Gíga bá a wọ inú gíláàsì, ìyàwó díákónì ń kọjá ní títì, ó ń yọjú. Ọkọ mi lọ fi ẹ̀yìn ara ẹ̀ bò ó. Ẹ̀yìn fífẹ̀ tí mo wò títí ẹja fi tutù.

Ojú tì mí. Ó ní kí n wá sí ìjọ wọn lọ́la, kí n jókòó lápá òsì.

Ó lọ tán, mo wọ yàrá onígíláàsì, mo fi àwo kan bíi tiẹ̀ sí i fún ara mi, mo wá béèsì yẹn. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ. Mo jowú rẹ̀ lọ́tun: ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi gbọ́ ọ!

Mi ò sọ nǹkan kan fún Gíga.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹfà

Gíga kùn lórí táì, ó kùn lórí ooru, ṣùgbọ́n ó bá mi lọ. A jókòó lápá òsì. Arábìnrin Pettway ò wò wá. Kò sí ìbọ̀wọ́.

Orin ìdáwó. Ẹsẹ kìíní, bó ṣe wà nínú ìwé orin. Ẹsẹ kejì — ọwọ́ òsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Jẹ́jẹ́. Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún yà. Èmi mọ ìrìn yẹn! Mo mọ ibi tó ń lọ! Gbogbo ìjọ ti dìde, abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́, díákónì àgbà fúnra ẹ̀ ń pariwo, “Tẹ̀ ẹ́, arábìnrin! Àmín! Tẹ̀ ẹ́!” Ìyàwó díákónì ń fò sókè. Ìjà sasofóònù ò sí níbẹ̀, orin Olúwa ló wà lókè, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀, béèsì àwo mi ń rìn lọ ní tiẹ̀.

Gíga yíjú sí mi. “Ibo ló ti rí ìyẹn?”

“Nínú àwo.”

“Àwo wo? Mi ò tíì fún un ní —”

“Èmi ni mo fún un. Èyí tó ti Níú Yọ́ọ̀kì dé.”

Bí a ṣe ń lọ sílé, ó di fìlà ẹ̀ mú lọ́wọ́ nínú oòrùn ní gbogbo ọ̀nà. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí. Mo ní ṣé inú ń bí ẹ ni. Ó ní rárá, kí ló máa bí òun nínú. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ kó tó dúró. “Mo gbé àwo yẹn sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè gbọ́ ọ dé ìdajì. Kí lo gbọ́ níbẹ̀ tí èmi ò gbọ́?” Ó ń fa etí fìlà yẹn bí ẹni fẹ́ fà á ya.

Ọlọ́run mi. Gíga ń jowú! Ó ń jowú mi! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lójú títì pẹ̀lú bàtà gíga. Mi ò sọ ìdí tí mo fi mú àwo yẹn. Mi ò ní sọ ọ́. Bóyá nígbà tá a bá ti di arúgbó, tí kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú àwọn páálí ẹ̀, ó ti tú táì, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí àyè. “Ó yá, Ìyàwó. Yan ọ̀kan fún mi.” Mo ní jẹ́ n wá omi mu. Orí ìdúró ni mo ti ń kọ èyí, nílé ìdáná. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ yàn. Mi ò mọ̀ rárá! Ó tún ti pè mí —