Bí Tábúlẹ́ẹ̀tì Waisea Ṣe Di Ọmọ Natoka

Abúlé Natoka,
Erékùṣù Kadavu.
Ọjọ́ Ajé, lówùúrọ̀.

Unaisi, àkọ́bí mi, ìtura ọkàn bàbá rẹ,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Suva níbẹ̀? Ṣé o ń jẹun bó ṣe yẹ, àbí búrẹ́dì àti tíì yẹn náà lo ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Ọlọ́run tí à ń sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì etí òkun yìí yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kò ní jẹ́ kí o pàdé awakọ̀ tó mutí yó. Àwa náà wà láàyè. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti hun àwọ̀n tuntun, ẹja tó ń kó bọ̀ kò sì kéré. Adìẹ pupa tí o fi sílẹ̀ ti pamọ, ó wá di oníjà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò gan-an ni ti tábúlẹ́ẹ̀tì tí o fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí Waisea àbúrò rẹ. Unaisi, jókòó kí o tó ka ìyókù. A ti borí!

Ìwọ náà mọ Waisea. Ọlọ́run fún un lọ́pọlọ, kò fún un níbi tí yóò kó nǹkan sí. Láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà nílé-ìwé wa yìí, ìwé ló kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé ló kún inú garawa, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ṣe lánàá á wà lábẹ́ ìkòkò mi. Ìjì tó jà lọ́dún tó kọjá gbé ìwé orúkọ àwọn ọmọ lọ sínú òkun, èyí tó kọ rọ́pò rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ bàbá rẹ jẹ ẹ́ tán, ó tún ń wò wá lójú bíi pé ká bu òmíràn sí i. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé bí ìsípẹ́kítọ̀ bá fi lè dé tí àkọsílẹ̀ ọdún yìí kò tíì tẹ àwọn lọ́wọ́, orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n wá àti ọjọ́ tí wọn ò wá, máàkì, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwọn yóò ti ilé-ìwé Natoka pa, àwọn ọmọ wa yóò sì máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Vuniwaqa ní òdìkejì.

Vuniwaqa! Àwọn tí a ti ń nà nínú rọ́gíbì láti ayé bàbá ńlá rẹ! Kí ọmọ wẹ́wẹ́ máa la ìgbì kọjá láàárọ̀, kí wọ́n sì débẹ̀ kí àwọn ará ibẹ̀ máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ilaitia tó jẹ́ tíṣà wọn pàdé mi níbi ìsìn àpapọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Ìyá Waisea, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ yín o, ẹ ní kí wọ́n tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ní o ṣeun, ọmọ mi, ìwọ náà tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ dé, mo kọ́kọ́ rò pé pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹja ni. Mo ti gbé ẹja lé e, mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kí Waisea tó figbe ta. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi mọ ìwà rẹ̀, ìwà rẹ̀ sì dára. Kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan, bí a ṣe máa ń ké lẹ́nu ọ̀nà baálẹ̀ ká tó wọlé, mo sì sọ fún bàbá rẹ pé ilé ire ni wọ́n ti tọ́ ọ. Waisea to gbogbo ayé rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán. Iṣẹ́ tó bá ti ṣe tán á di àwọ̀ ewé, èyí tí kò tíì ṣe á pọ́n bí ojú ẹni tó ń bínú. Bí àkókò ìṣirò bá tó, ọmọbìnrin kan á sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀, á ní Waisea, ìṣirò kíláàsì karùn-ún ti tó o, àbúrò rẹ á sì fò dìde. Èmi tí mo bí i, mo ti pè é títí ohùn mi há, kò dìde bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin yẹn ló wá ń kó mi lọ́kàn sókè. Mo fi sùúrù bi í, mo ní ìwọ ọmọ yìí, abúlé wo ni wọ́n ti bí ìyá rẹ, ta sì ni bàbá rẹ? Ó ní kò yé òun. Unaisi, ọmọ tí kò mọ ìlú ìyá rẹ̀! Mo gbé ẹja àti kókò síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ sígbà náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Waisea ti to gbogbo àkọsílẹ̀ tán, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, kò lọ. Ó ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gbé e lọ sí etíkun, ó gbé e gun igi máńgòrò, ó nà án sókè bíi pásítọ̀ tó ń tọrọ òjò, kò lọ. A sì ti gbọ́ pé ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Àbúrò rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, géńdé ọkùnrin tó ga tó òpó ilé.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Àlejò dé abúlé, ó sùn, ó jí, kò sẹ́ni tó mú un lọ kí baálẹ̀! Kò gbé yaqona, gbòǹgbò tí àlejò fi ń kí baálẹ̀, dání, a ò gún un, a ò pò ó, a ò mu ún. Báwo ni ilẹ̀ ṣe fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀? Mo sọ ọ́ fún Waisea, ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ lásán ni. Mo ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tó mọ orúkọ rẹ, tó ń pàṣẹ fún ọ, tó sì ń sùn nínú ilé mi, àlejò ni, má bá mi jiyàn. Bàbá rẹ gbè mí lẹ́yìn, ó sì lọ mú gbòǹgbò yaqona tó dára jù tó fi pamọ́.

A dé ilé Ratu Apenisa, baálẹ̀ wa. Mo tẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì sórí ẹní, mo fi aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi bò ó kí òtútù má baà mú un. Bàbá rẹ gbé yaqona síwájú, ó ní àlejò yìí ti òkèèrè wá, kò mọ ìlú ìyá rẹ̀, ẹ dákun ẹ má bínú pé ó pẹ́ kó tó wá kí yín, iṣẹ́ àwọn ọmọ wa ló wá ṣe. Agbẹnusọ baálẹ̀ gbà á, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pò ó, wọ́n mu ún. Wọ́n bu tirẹ̀ náà fún un, Waisea bá a mu ún. Ratu wò ó títí, ó ní láti òní lọ, ọmọ ilé ni, ibi tí ọmọ Natoka bá lè tẹ̀ ni kóun náà máa tẹ̀. Ni Waisea bá gbórí sókè, ó ní Ratu, ṣé òkè ilé àtijọ́ náà wà níbẹ̀? O kúkú mọ òkè yẹn, ibi tí ilé àwọn baba ńlá baálẹ̀ wà, tí ẹnì kan kì í gùn láìgbàṣẹ. Ratu fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní ọmọ tó bá fẹ́ lọ kí àwọn baba rẹ̀, a kì í dí i lọ́nà, ẹ gbé e lọ.

Gbogbo abúlé ló tẹ̀lé wa. Bí Waisea ṣe dé orí òkè, tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó dún, ó tún dún, gbogbo àkọsílẹ̀ ọdún náà gbéra, ó di Suva! A hó yèè, àwọn obìnrin ń jó, bàbá rẹ gbàgbé pé orúnkún ń dun òun. Waisea ní gíga tí òkè ga ló fà á, pé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí wa láti ibẹ̀. Mo ní a ti gbọ́, ọ̀mọ̀wé, ta ló jẹ́ kí o gun òkè?

Ìsípẹ́kítọ̀ dé, Madam Losalini, obìnrin tó máa ń wo èèyàn láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. Kó tó jókòó ló ti ní gbogbo rẹ̀ ti tẹ òun lọ́wọ́. Síbẹ̀ ó dán Waisea wò, ó ní ọmọ wo ni kì í wá déédéé? Àbúrò rẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní Sakiusa ni, ọjọ́ Ajé ni kì í wá tẹ́lẹ̀, ó máa ń bá bàbá rẹ̀ ru kókò lọ sí èbúté, mo ti bá wọn sọ ọ́, ó ti ń wá báyìí. Madam bọ́ gíláàsì. Ó ní òun ò tíì rí ilé-ìwé tó wà létòlétò báyìí ní gbogbo àyíká yìí, ẹnikẹ́ni ò ní tì í. Mo bú sẹ́kún, mi ò tijú.

Ó tún kù. Madam ní kí àwọn tíṣà abúlé tó yí wa ká máa wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Waisea. Ọjọ́ Sátidé, ta ló sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀? Ilaitia ará Vuniwaqa, tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lábíyá, gbòǹgbò yaqona ńlá lọ́wọ́, ó ní Ìyá Waisea, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú wa dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Mo gbé kókò àti ẹja olómi àgbọn fún un, mo wò ó bó ṣe ń jẹun, inú mi dùn débi pé mo bu kún un.

Ọmọ mi, má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wá ká kò. Waisea ní dátà tábúlẹ́ẹ̀tì ti tán, mo sì mọ̀ pé oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, fún un ní èyí tó máa yó, ọmọ ilé kì í febi sùn. Fi owó yaqona bàbá rẹ kún un, àti ti gíláàsì mi, irú ti Madam ni kó jẹ́.

Agogo ilé-ìwé ti dún bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn ọmọ ń sáré gba iwájú ilé wa kọjá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìwọ Unaisi tí o fi ọ̀nà ilé-ìwé sílẹ̀ fún wọn ní ṣíṣí, Ọlọ́run kò ní dí ọ̀nà tìrẹ láé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kelera, ìyá tíṣà àwọn tíṣà.