Ìyá Mi, Títí Di Noẹ́lì Ni Wọ́n Wí

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kú àìrí mi láti ọdún mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Libreville níbí. Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù, àbúrò ìyá mi tí ẹ ń bá mi ka ìwé yìí fún wọn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán. Bí Ìyá bá ní omi ń hó lórí iná, tàbí pé àwọn fẹ́ lọ wo àgbàdo tí àwọn sá, ẹ dúró dè wọ́n kí wọ́n padà wá jókòó. Mo mọ ìyá mi. Lórí fóònù, tí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ báyìí, wọn ò ní í gbọ́ mi mọ́, wọ́n á ní rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ti bàjẹ́. Àmọ́ tí mo bá béèrè iye ọmọ tí ewúrẹ́ bí, rẹ́sò á dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí ayé kà á, torí Ìyá mi nìkan kọ́ ló ń jókòó síbi tí wọ́n ń jókòó sí.

Ara mi le, Ìyá. Iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ. Òjò ibí kì í dá bí tilé, aṣọ tí mo bá fọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó gbẹ, ó sì ti ń rùn. Ọ̀gá mi obìnrin ò burú, àmọ́ Faransé ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá dé yàrá, èmi àti ara mi la jọ ń sọ Nàgó, èdè ilé wa, kí ó má baà bọ́ lẹ́nu mi. Àárò yín ń sọ mí gan-an. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, mo ní kí ẹ fi ra aṣọ funfun tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbọ́wọ́ lé yín lórí. Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù ní ìgbálẹ̀ àti korobá ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fi rà. Inú bí mi débi pé abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kó lè yé ẹni tí ò mọ̀ wá. Àwọn obìnrin ìjọ wa ní Idigny yàn yín ní ìyá àdúrà wọn. Ẹ ní ẹ ò yẹ. Wọ́n padà wá, ẹ tún ní ẹ ò yẹ. Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ pe orúkọ yín níwájú ìjọ kí wọ́n lè gbọ́wọ́ lé yín lórí, wọ́n sì ní bí ẹ bá tún kọ̀, àwọn ò ní í bẹ̀ yín mọ́. Ẹni tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́, tó ń ru omi lọ síbẹ̀, tó gun ọ̀kadà zémì dé Odomèta lọ gbàdúrà fún aláboyún tí kò mọ̀ rí, òun ni kò yẹ. Tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ Olúwa, ìta lẹ máa ń wà, ẹ ní ẹ ń lé ewúrẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ ti ń lé ewúrẹ́. Idigny ò tilẹ̀ ní ewúrẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ilé ló mọ ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ẹ lóyún mi láìṣe ìgbéyàwó. Ọkùnrin náà ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, pásítọ̀ ìgbà náà ní kí ẹ dúró níwájú ìjọ, èmi ń bẹ lẹ́yìn yín. Pásítọ̀ ò gbọ́ Nàgó, Faransé ló ń sọ, bàbá ògbufọ̀ kan ń tú u. Bàbá ní kí ẹ lọ jókòó lẹ́yìn, kí ẹ má sì jẹ oúnjẹ Olúwa, títí. Títí yẹn lẹ gbọ́. Ẹ gbé e, ẹ gbé mi, ẹ lọ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ ò sì dìde mọ́ dòní.

Àfi bí pásítọ̀ tuntun ṣe ń da ìwé ìjọ tó ti ń jẹrà kọ sínú òmíràn lóṣù tó kọjá, tó rí orúkọ yín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ jókòó lẹ́yìn títí di Noẹ́lì. Títí di Noẹ́lì, Ìyá. Títí di ọjọ́ ìbí Jésù. Oṣù mẹ́ta péré. Màmá àgbà kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ní òun rántí, pé bí ògbufọ̀ ṣe dé orí títí ni mo figbe ta, tí ẹ fà mí wá síwájú láti fún mi lọ́mú. Ẹkún mi ló bo ìyókù mọ́lẹ̀. Kí Noẹ́lì tó dé, wọ́n ti gbé pásítọ̀ yẹn lọ síbòmíràn. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ bá yín lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó rò pé atẹ́gùn lẹ fẹ́ràn. Àwọn alàgbà ń pè yín ní onírẹ̀lẹ̀. Odidi ìjọ, kò sẹ́nìkan tó bi yín pé Ìyá Rosalie, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Mo bínú sí àwọn náà, kí wọ́n kúkú gbọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo pe Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù kí n gbọ́ bí inú yín ṣe dùn tó. Wọ́n ní nígbà tí pásítọ̀ ka ìwé náà fún yín, ẹ dúpẹ́, ẹ wá ní bó tilẹ̀ jẹ́ títí di Noẹ́lì, Ọlọ́run mọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ ò sì yẹ. Lẹ bá gbé ìgbálẹ̀. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ìjọ ti dá yín sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Jésù tí ẹ ń sọ fún aláboyún Odomèta ti wẹ̀ yín mọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbà. Ta lẹ rò pé ó wá yẹ níjọ yẹn? Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó yẹ ni Ọlọ́run ń dúró dè, ṣọ́ọ̀ṣì Idigny ì bá ti di abà àgbàdo.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ohun tí ẹ ṣe tí Ọlọ́run mọ̀ yẹn, èmi ni. Kò sí òmíràn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo ọmọ àti ìyá ló ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo wá mọ̀, mi ò sọ fún yín pé mo mọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibí. Ní ìjọ tí mo ń lọ, wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn pé mi ò yẹ. Ohùn yín ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo bi ara mi pé kí ni mo ṣe gan-an. Mi ò rí nǹkan kan, àfi pé wọ́n bí mi.

Mo padà lọ bá wọn, mo ní mo gbà. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ náà báyìí. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa, àwọn ọmọ méjì tilẹ̀ sùn. Mi ò dúró dìgbà tí mo bá yẹ. Tí wọ́n bá pe orúkọ yín lọ́jọ́ náà, Ìyá, tí ẹ ò dìde, a jẹ́ pé ẹ ń sọ fún gbogbo ìjọ pé kò yẹ kí wọ́n bí mi. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ rò nípa mi, ẹ dìde, ẹ rìn lọ síwájú.

Kí Olúwa fún yín ní ìgboyà, kí ó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí ó jẹ́ ká tún jọ jẹ iṣu tuntun. Ẹ bá mi kí ìyàwó Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù, ẹ kí pásítọ̀, ẹ kí àwọn obìnrin ìjọ tí ọ̀rọ̀ yín kò tíì sú, ẹ kí gbogbo ẹbí wa dé Kpankou. Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ràn yín.

Ọmọ yín,
Rosalie