Ìlà Kan Ṣoṣo fún Àwọn Èèyàn Ìyá Rẹ

Ọmọ mi Adédiwúrà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Má dáhùn. Kí Ọlọ́run tó ń mú iṣu ta lábẹ́ ilẹ̀ tí ojú ò tó máa bójú tó ọ ní Ṣangiṣa l'Ékòó. Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ọ́, ṣùgbọ́n èmi àbúrò bàbá rẹ ni bàbá tó kù fún ọ, nítorí náà gbọ́ mi.

Irọ́ ni Kelvin ọkọ rẹ pa fún ọ. Mi ò kọ̀ láti buwọ́ lùwé ní ọsibítù Kétu. Mo kọ ọ́ títí yíǹkì fi fẹ́ tán.

Dókítà Àyàntúndé ló ṣàlàyé fún wa nígbà tí o wà ní ọ́fíìsì. Ó ní wọ́n ti gé jẹjẹrẹ ọmú ìyá rẹ kúrò, àárẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kò lọ. Ó ní àwọn ọmọ ogun kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣọ́ ara, pé wọ́n fẹ́ bù díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sìn ín títí yóò fi pọ̀, kí wọ́n dá a padà sí i lára, bóyá okun rẹ̀ á padà. Ó ní wọ́n ṣì ń dán an wò ni, òun ò ṣèlérí. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi àmì sí tiwa, bí a ṣe ń gé ewúrẹ́ létí, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ó ní orúkọ á wà lára ìgò. Ṣé ìgò ló ń rìn lọ ni?

Ni akọ̀wé bá gbé fọ́ọ̀mù wá, pé kí n kọ orúkọ ẹbí tó máa dúró ti aláìsàn. Ìlà kan ṣoṣo! Ṣé orí àpáta ni ìyá rẹ ti hù ni? Mo kọ ara mi. Mo kọ Rùkáyátù tó ń bá a gúnyán láti ìgbà tí apá rẹ̀ ò ti lè gbé ọmọ odó mọ́. Mo kọ Mojeed tó fi ọkọ̀ iṣu gbé wa dé Mile 12. Mo kọ gbogbo ẹgbẹ́ àáró tó bá a ro oko lọ́dún yìí láì gba oúnjẹ. Nígbà tó di méjìdínlógójì, ẹ̀yìn ìwé kún, mi ò kà mọ́. Akọ̀wé fà á ya. Kelvin, tó jókòó síbẹ̀, ní kí n mú ìyá rẹ lọ sílé, pé àárẹ̀ wo, ọ̀lẹ lásán ni.

Ọ̀lẹ! Ẹni tó ń wa mọ́tò lọ ra búrẹ́dì níwájú ilé ló ń pe ẹni tó fi ẹ̀gẹ́ rán ọ níwèé ní ọ̀lẹ. Lánàá, ìyá rẹ sinmi lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò.

Dókítà ti fi fọ́ọ̀mù mìíràn rán Mojeed sí wa. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, wọn ò ní gbà á mọ́. Mo ní kí ìyá rẹ fúnra rẹ̀ mú ẹnì kan, mo ti ń ṣí bíírò láti kọ ara mi. Ó ní Adédiwúrà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Fi owó epo ọkọ̀ Mojeed ránṣẹ́. Má fi rán Kelvin. Ìwọ gan-an ni kí o pàdé wa ní Mile 12 ní Ọjọ́rú, torí àtẹ̀gùn ọsibítù yẹn ga, ẹni tí ìyá rẹ mú ló fẹ́ fara tì gùn ún. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ sọ pé rárá. Àmín. Bó bá sì sọ ọ́, ìwọ ṣáà máa bọ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Ọláníyan