Abigail Kò Tíì Bẹ Jemimah

Ìmísí,

Ní apá kejì ánímè wa, eré àwòrán nípa bọ́ọ̀lù, Abigail fọ́ Jemimah létí lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ní apá kẹta, wọ́n ti ń dì mọ́ra. Ìwọ tó kọ ọ́ mọ̀ pé kò jọ òótọ́, Gbọ́lá tó yà á náà mọ̀, ẹ sì dákẹ́. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú wa, Ìpele? Ẹni tó ṣẹ̀ máa wá àgbà tó máa bá a bẹ̀bẹ̀, wọ́n á jọ lọ sílé onítọ̀hún. Tún un kọ.

Toronto dára, mo ń jẹun. Bá mi kí Màámi, tí wọn ò gbé fóònù mi látìgbà tí mo ti kúrò nílé láìdágbére. Mú ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Ignatius, dání. Kí ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn kí Sátidé tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Tèmidire